Ìtọ́jú Àwọn Igi Eléso Ẹ̀yìnkùlé ní Àkókò Ọyẹ́

Nínú àwọn ìwé tí a fi kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ nígbà èwe, a rí àwòrán àwọn igi ilẹ̀ Òyìnbó ní ìgbà òtútù: gbogbo ewé ti wọ́ dànù, ẹ̀ka wà ní ìhòòhò, yìnyín sì bo ilẹ̀ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. A kọ́ wa pé igi wọ̀nyí kò kú, pé wọ́n sùn ni, àti pé olóko tí ó gbọ́n a máa lo ìgbà oorun náà láti gé ẹ̀ka tí kò dára kúrò àti láti fi koríko bo gbòǹgbò. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé àwọn igi ẹ̀yìnkùlé tiwa pẹ̀lú ní ìgbà ìdánwò tiwọn, èyí tí kì í ṣe ti yìnyín bí kò ṣe ti ọyẹ́.

Ọyẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Láti aginjù Sàhárà ni ó ti ń bọ̀, pàápàá láti ilẹ̀ kòtò ńlá kan tí a ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì, níbi tí adágún omi wà ní ayé àtijọ́, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti gbẹ di erùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú. Afẹ́fẹ́ a gba àárín àwọn òkè kọjá, a gbé erùpẹ̀ náà sókè, a sì máa gbé e rìn títí yóò fi dé etí òkun. Ní ìparí oṣù kọkànlá tàbí ní oṣù kejìlá ni a máa ń rí i ní Abẹ́òkúta: òkè Olúmọ a di bàìbàì ní òwúrọ̀, ètè a máa sán, aṣọ tí a sá a sì gbẹ kí a tó yíjú. Kì í ṣe òtútù rẹ̀ ni ó ń pa igi, nítorí òtútù náà kì í pẹ́ kí oòrùn tó lé e lọ. Gbígbẹ rẹ̀ ni. Àwọn ihò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí wà lára ewé. Láti ibẹ̀ ni igi gbé ń mí, láti ibẹ̀ náà sì ni omi inú rẹ̀ gbé ń jáde lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ tó ni ó ń fa omi yìí tó. Nígbà tí gbòǹgbò kò bá rí omi tí yóò fi dí àlàfo èyí tí ewé ń ná, igi a ká ewé rẹ̀ kò bí ẹni tí ó ká apá mọ́ àyà. Bí ìyà náà bá sì pọ̀ sí i, a bẹ̀rẹ̀ sí já wọn sílẹ̀.

Àwa tí a ń gbé Ìtòkú mọ̀ pé ilẹ̀ wa ní ìṣòro tirẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn Ẹ̀gbá tí ó wá tẹ̀dó sí abẹ́ òkúta ní 1830, ibi ìsádi ni wọ́n ń wá. Wọn kò wá ibi tí ọsàn yóò ti so dáadáa. Ní ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn láàárín wa, bí a bá wa ilẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì péré, ọkọ́ a dún gbàǹgàn lórí àpáta. Gbòǹgbò a máa wá ojú sísán òkúta kiri bí ẹni tí ń wá ọ̀nà ní òru. Ní ìgbà òjò, omi tí ń ṣàn láti ara àpáta wá sí ìdí igi a máa ṣe é ní oore; ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ a gbẹ kíákíá, àpáta tí ó ti yá oòrùn láti àárọ̀ a sì máa tú ooru jáde títí di alẹ́.

Síbẹ̀, agbo-ilé tí kò ní igi eléso kan ṣoṣo kò wọ́pọ̀ ní ìlú yìí láyé ìjelòó. Wọlé Ṣóyínká, tí a bí ní 1934 tí ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, rántí igi gúáfà àti igi pómégíránétì ọgbà ilé àlùfáà nínú ìwé rẹ̀ tí ó pè ní Aké, tí ó jáde ní 1981. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì dàgbà láàárín Aké àti Ìtòkú yóò ní igi tirẹ̀ láti rántí. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé àlejò ni púpọ̀ nínú igi wọ̀nyí. Láti ilẹ̀ Íńdíà àti agbègbè rẹ̀ ni mángòrò ti wá. Ìhà ìlà-oòrùn ayé náà ni ọsàn mímu, tí àwọn àgbà ń pè ní òroḿbó, ti wá. Amẹ́ríkà ni ó bí ìbẹ́pẹ, gúáfà, píà àti káṣú. Àgbálùmọ̀ ni onílé láàárín wọn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn yòókù ń mí gúlegúle nínú ọyẹ́, nígbà náà gan-an ni àgbálùmọ̀ ń pọ́n, tí àwọn ọmọdé ń ṣa á nílẹ̀ ní ìdájí, tí wọ́n sì ń fi inú rẹ̀ ṣe gọ́ọ̀mù jẹ. Ẹni tí ó ní àgbálùmọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe nígbà ọyẹ́ ju pé kí ó ṣí ojú sókè lọ, kí ó má baà jẹ́ pé ẹ̀ka gbígbẹ ni yóò já lé orí ọmọ.

Ọ̀ràn omi ni ó ṣòro jù. Ó rọrùn fún akọ̀wé láti jókòó kí ó kọ pé kí a máa bomi rin igi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ru omi náà? Ní oṣù kìíní, nígbà tí kànga bá lọ sílẹ̀, tí a sì ń ra omi ní garawa kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ oníkànga-ẹ̀rọ, ìyá tí ó ní ọmọ mẹ́rin láti wẹ̀ kò ní fi omi rà sí ìdí ọsàn nítorí pé ìwé wí bẹ́ẹ̀. A kò bá a wí. Ohun tí a ń wí ni pé igi kò fẹ́ omi púpọ̀ bí a bá mọ bí a ti ń fi í fún un. Omi díẹ̀díẹ̀ ní ojoojúmọ́, tí ó kàn ń rin ojú ilẹ̀, kò wúlò. Oòrùn ni ó ń mu ún. Garawa mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀, ní alẹ́, tí a rọra dà kí ó lè wọ ilẹ̀ lọ, sàn ju ìyẹn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ara ìtì igi ni a óò da á sí: abẹ́ ibi tí òjìji ẹ̀ka parí sí ni ẹnu gbòǹgbò wà. Kí a yí erùpẹ̀ ká ibẹ̀ bí etí àwo, kí omi má baà sá lọ, kí a sì jẹ́ kí ìdí ìtì fúnra rẹ̀ ga díẹ̀, nítorí omi tí ó bá dúró mọ́ ọn lára a máa mú kí èèpo ọsàn jẹrà.

Fún igi kékeré tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀nà kan wà tí ó lérè púpọ̀. Kí a ri ìkòkò amọ̀ tí kò ní ọ̀dà lára mọ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí dé ọrùn, kí a pọn omi kún un, kí a sì fi nǹkan dé e kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Omi yóò máa yọ́ jáde láti ara ìkòkò díẹ̀díẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń fẹ́ ẹ, gbòǹgbò yóò sì wá dì mọ́ ọn. Àwọn ará Ṣáínà ti kọ irú ọgbọ́n yìí sínú ìwé láti nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn. Àwa tí àwọn ìyá wa ti ń mọ ìkòkò láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹ wo bí ó ti jẹ́ ohun ìtìjú tó pé ike ni a ń kó wá sí ẹ̀yìnkùlé.

Lẹ́yìn omi, ìbora ni ó kàn. Ewé gbígbẹ, koríko, háhá àgbàdo, èèpo ẹ̀gẹ́ tí ó ti gbẹ, gbogbo ìwọ̀nyí ni a lè tẹ́ sí abẹ́ igi kí ó nípọn tó ìka ọwọ́ mẹ́rin, kí oòrùn má baà rí ojú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n níhìn-ín ni a óò ti bá àwọn ìyá wa ṣe ìjà. Ẹgbẹ́ ìgbálẹ̀ ni a bí wọn sí. Kí oòrùn tó yọ, wọ́n ti gbá gbogbo àgbàlá mọ́ tónítóní, wọ́n ti kó ewé jọ sí ìdí mángòrò, wọ́n sì ti ṣáná sí i. Lójú wọn, ilẹ̀ tí ewé wà lórí rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ ọ̀lẹ. Wọn a sì tún rántí ejò àti àkekèé, èyí tí kì í ṣe àsọdùn. Ohun tí ó ràn wá lọ́wọ́ ni pé a to òkúta yí ìbora náà ká, ó sì dà bí ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Ìyá wa wò ó, ó ní ó jọ ibojì, ṣùgbọ́n kò gbá a mọ́. Kí a fi ọ̀pá tú ewé náà wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí a má sì jẹ́ kí ó kan ara ìtì igi, nítorí ikán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ikán kò ní koríko tútù, ó sì lè gba abẹ́ ewé lọ bá èèpo igi. Iná ìdí igi ní tirẹ̀ kò ní àwáwí kankan: àwọn gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń mu omi wà lókè ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n a sì jóná kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Nísinsìnyí a dé ọ̀ràn tí ó jẹ́ ti Ìtòkú gan-an. Ọjà àdìrẹ wa ti gbilẹ̀ kárí ayé, àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá rà á, àwa náà sì ń yangàn pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo aṣọ tí a pa láró ni ó ní omi tí a óò dà nù. Láyé àtijọ́, ewé ẹ̀lú àti omi eérú ni ó wà nínú ìkòkò aró. Lóde òní, sóòdà àti iyẹ̀ aró òyìnbó ni ó pọ̀ jù. Omi eérú náà kò dára fún gbòǹgbò bí ó bá pọ̀, ṣùgbọ́n sóòdà ju bẹ́ẹ̀ lọ: iyọ̀ rẹ̀ a máa di ojú ilẹ̀ pa, gbòǹgbò kò sì ní lè mu omi àní bí ilẹ̀ bá tilẹ̀ tutù.

Igi ọsàn kan wà ní ẹ̀yìnkùlé ilé wa tí ìyá àgbà gbìn. Ní ọdún ọyẹ́ kan tí ó le, ó wọ́ gbogbo ewé rẹ̀ dànù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà pe ìpàdé ẹbí. Ó ní igi ti kú, ó ní kí a gé e, kí a fi ibẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù tí yóò kọjú sí ọ̀nà ọjà, owó tí yóò ti ibẹ̀ wá yóò sì san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ méjì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Àwa dáhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa títí òjò yóò fi rọ̀.” A fi èékánná họ èèpo ẹ̀ka kan: gbígbẹ ni. A họ ti èkejì, ní ìhà ilé ìdáná: àwọ̀ ewé tútù wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ka tí ó bá tutù lábẹ́ èèpo kò tíì kú. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó gbé àdá dání rántí èyí.

Nígbà tí a ṣí ilẹ̀ wò, a rí èépá funfun lójú rẹ̀ ní ìhà kan, erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ní àwọ̀ aró. Ìyá kan tí ń paṣọ láró ní ilé kejì ni omi rẹ̀ ń gba abẹ́ ògiri wọlé sí wa. Àgbàlagbà ni, ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà kí a tó bí wa. A lọ kí i ní ìrọ̀lẹ́, a dọ̀bálẹ̀, a sì ro ẹjọ́ igi fún un. Ó tẹ́tí sílẹ̀ títí a fi parí, ó wá ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, níbo ni kí n dà á sí? Bí mo bá dà á sí gọ́tà, wọ́n á ní mo ba gọ́tà jẹ́. Bí mo bá dà á sí títì, ọlọ́kadà á bú mi. Ilẹ̀ nìkan ni kì í bú ènìyàn.” A kò rí èsì fún un. Ní ìkẹyìn àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwa jùmọ̀ gbẹ́ kòtò sí ìhà kejì, wọ́n sì da òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn sí i. Kòtò yìí gba igi là, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé kò tán ọ̀ràn náà, nítorí kànga àwọn ẹlòmíràn wà nísàlẹ̀. Ibi tí omi aró gbogbo Ìtòkú yóò máa gbà jẹ́ ohun tí ó ju agbára agbo-ilé méjì lọ.

A ha erùpẹ̀ òkè kúrò títí a fi kan gbòǹgbò, a fi erùpẹ̀ odò tí a pò mọ́ ìgbẹ́ ewúrẹ́ tí ó ti jẹrà rọ́pò rẹ̀, a sì da omi tútù sí i lọ́pọ̀lọpọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì kí iyọ̀ tí ó kù lè rì lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí òjò kẹta rọ̀, ìhà ilé ìdáná rúwé. Ìhà ọjà kò rúwé mọ́ láéláé, a sì gé e kúrò. Igi náà dúró títí di òní bí ẹni tí ó gbé èjìká kan sókè. Ẹ̀gbọ́n wa kọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó fà á sẹ́yìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Àwọn tí ń ra aṣọ níbẹ̀ a máa ṣe ẹnu hàà sí bí ògiri náà ti wọ́.

Ìgbà ọyẹ́ ni ó dára jù láti wá àfòmọ́. Àwọn àgbà wí pé àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ni í bá tan. Ẹni tí ó bá wo orí ọsàn, gúáfà, obì tàbí kòkó rẹ̀ dáadáa yóò mọ̀ pé òótọ́ ni. Àwọn ẹyẹ kéékèèké ni ó ń gbé e kiri. Wọ́n a jẹ èso rẹ̀, kóró rẹ̀ a sì lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́nu bí oje. Nígbà tí wọ́n bá nu ẹnu mọ́ ẹ̀ka, kóró a dúró síbẹ̀, a hù, a sì gún èèpo igi wọ inú rẹ̀ lọ láti máa mu omi tí kò pọn. Nígbà òjò, ewé rẹ̀ dàpọ̀ mọ́ ti igi, ojú kò sì lè yà á sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ bá ti tú igi sí ìhòòhò, àfòmọ́ nìkan ni yóò máa tutù yọ̀yọ̀ lókè, bí àlejò tí ń jẹun nígbà tí ebi ń pa onílé. Kí a má ṣe kàn ṣẹ́ ewé rẹ̀, nítorí yóò tún hù. Ẹ̀ka tí ó wà lórí rẹ̀ ni kí a gé, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìhà ìtì igi. Ẹ má sì ṣe sọ ọ́ nù: àwọn elewé-ọmọ a máa rà á, wọn yóò sì béèrè lọ́wọ́ yín orí igi tí ẹ ti gé e, nítorí ti orí ọsàn àti ti orí obì kì í ṣe oògùn kan náà lójú wọn.

Nígbà tí ayùn wà lọ́wọ́, kí a gé àwọn ẹ̀ka tí ó ti gbẹ àti àwọn tí ń fi ara gbo ara wọn. Ayùn ni a wí, a kò wí àdá. Àdá a máa fa èèpo ya. Ojú tí oòrùn yóò bá lù lẹ́yìn tí a ti gé ẹ̀ka, kí a fi ẹfun pò mọ́ omi kùn ún, kí èèpo má baà jóná. Nípa ti àwọn tí ń fi àdá ṣá ìtì mángòrò nítorí pé kò so, a mọ̀ pé ó máa ń so nígbà mìíràn lẹ́yìn ìlù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ náà ni àrùn ń gbà wọlé. Ọmọ ọsàn ni í kó pónpó bá ìyá rẹ̀. Kí ni mángòrò tí kò tilẹ̀ bímọ ṣe?

Ọ̀ràn mángòrò yàtọ̀ sí ti ọsàn ní ohun kan tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀. Òtútù òru àti gbígbẹ ilẹ̀ ni ó ń mú un yọ òdòdó. Bí a bá ń bomi rin igi tí ó ti dàgbà ní oṣù kọkànlá àti ìkejìlá, ewé tuntun ni yóò máa rú dípò òdòdó. Nítorí náà kí a fi í sílẹ̀ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́ díẹ̀. Nígbà tí èso rẹ̀ bá ti tó ẹ̀wà, nígbà náà ni kí a wá fún un ní omi, yóò sì dì í mú. Èrùpẹ̀ ọyẹ́ tí ó bá bo ewé igi kékeré, kí a fi omi wẹ̀ ẹ́ nù ní òwúrọ̀, nítorí kì í jẹ́ kí ewé rí ìmọ́lẹ̀, àwọn kòkòrò tí ó kéré bí eruku a sì máa sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ó sì ku ọ̀rọ̀ èèrà pupa, èyí tí ń fi ewé rán ilé lórí igi. Àwọn ènìyàn a máa lo ìgbà ọyẹ́ láti da kẹrosíìnì sí wọn kí gígun igi lè rọrùn nígbà ìkórè. A mọ bí wọ́n ti ń jẹni. Ṣùgbọ́n eṣinṣin èso kan ti wá sí ilẹ̀ Áfíríkà láti Éṣíà; Kẹ́ńyà ni a ti kọ́kọ́ rí i ní 2003, kò sì pẹ́ tí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Òun ni ó ń yé sínú mángòrò tí a fi ń la èso pupa dáradára tí a ń bá ìdin nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí ó ṣe ìwádìí nínú oko mángòrò ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí iṣẹ́ wọn jáde ní 2007, rí i pé ibi tí èèrà pupa yìí bá pọ̀ sí, eṣinṣin náà kì í bà á jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìwé kan ní Ṣáínà ní nǹkan bí ọdún 304 ti sọ pé wọ́n ń ta ilé èèrà bẹ́ẹ̀ ní ọjà fún àwọn ọlọ́sàn. Àwa ní in lọ́fẹ̀ẹ́, a sì ń fi kẹrosíìnì pa á.

Ìbẹ́pẹ kò ní igi líle nínú, kò sì lè fara da òùngbẹ. Bí omi bá wọ́n, àwọn tí ó ń so nìkan ni kí a fún. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí a máa da omi ìwẹ̀ sí.

Ẹni tí ó fẹ́ gbin igi tuntun kò gbọdọ̀ gbìn ín nínú ọyẹ́, ṣùgbọ́n ó lè gbẹ́ ihò rẹ̀ sílẹ̀ kí oòrùn yá a. Nígbà òjò, kí ó wá ọsàn tí a lọ́, kì í ṣe èyí tí a gbin kóró rẹ̀: èyí tí a lọ́ a máa so láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ti kóró a sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn èso tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1975, àti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta níhìn-ín ní 1988, ni ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí wádìí. Bí a bá sì ń da sìmẹ́ńtì sí àgbàlá, bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe nísinsìnyí, kí a fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ méjì yí igi ká. Igi tí a fi sìmẹ́ńtì dí lọ́rùn kò ní kú ní ọdún tí a dà á. Ọyẹ́ kejì tàbí ìkẹta ni yóò pa á, a ó sì wí pé ayé ló ṣe é.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ ní oṣù kẹta, kí a fọ́ etí àwo erùpẹ̀ tí a yí ká igi, kí omi má baà dógùn-ún. Kí a dúró kí òjò ẹ̀ẹ̀kejì rọ̀ kí a tó da ìgbẹ́ ẹran sí i. Ọsàn yóò yọ òdòdó láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òórùn rẹ̀ yóò sì gba gbogbo àdúgbò kan, yóò bo òórùn aró mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìkòkò amọ̀ ẹ̀gbẹ́ igi kékeré ni kí a rọra wú, kí a má ba gbòǹgbò tí ó dì mọ́ ọn jẹ́, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì dojú rẹ̀ dé sí ẹ̀yìn ilé ìdáná títí di oṣù kọkànlá.